Quantum dot nínú omi ara: ibi tí pólímà ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Bí ẹ bá gba òpópónà Ọba Adésídà kọjá ní Àkúrẹ́ lónìí, ẹ ó rí tẹlifíṣọ̀n QLED nínú ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Ohun tó mú kí àwọ̀ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni quantum dot, èérún kan tó kéré débi pé maikirosíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ girama kò lè fi í hàn. Irú èérún yìí náà ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń wá ọ̀nà láti fi wá jẹjẹrẹ nínú ara, láti fi ṣe àyẹ̀wò àrùn, àti láti fi wo ohun tó ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì dá àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ lọ́lá ní ọdún 2023, ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni pé, ìgbà wo ló máa dé ilé ìwòsàn tiwa? Lójú tèmi, ọwọ́ ohun tí wọ́n bá fi bo èérún náà lára, pàápàá pólímà, ìyẹn èròjà tó gùn bí okùn, ni ìdáhùn wà, ju ọwọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Quantum dot jẹ́ èérún kírísítálì tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín nánómítà 2 sí 10. Bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ ni nánómítà kan. Bí èérún náà bá ṣe tóbi tó ló ń pinnu àwọ̀ tí yóò tàn. Ẹ mú cadmium selenide: èyí tó jẹ́ nánómítà 2 á tan búlúù, èyí tó tó nánómítà 6 á tan pupa. A kò fi aró sí i, a kò sì yí èròjà rẹ̀ padà. Títóbi nìkan ló yàtọ̀. Alexei Ekimov rí i nínú dígí aláwọ̀ ní Soviet Union ní nǹkan bí ọdún 1981. Louis Brus rí i nínú ohun olómi ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1983. Moungi Bawendi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tùnísíà, ló wá fi hàn ní MIT ní 1993, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, bí a ṣe lè ṣe é kí gbogbo èérún inú ìgò kan tóbi bákan náà. Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn náà.

Ọ̀nà tí Bawendi là yẹn gan-an ló bí ìṣòro tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n á gbé TOPO, èròjà ọlọ́ràá kan, kaná títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 300 Celsius, láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ tàbí omi fara kàn án. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ fín èròjà cadmium àti selenium sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kírísítálì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹsẹ̀, bó bá sì ṣe pẹ́ lórí iná tó ló ń tóbi tó. Nígbà tó bá dé àwọ̀ tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Èérún tó bá tibẹ̀ jáde máa ń tàn yanran, ó sì máa ń bára dọ́gba. Àmọ́ inú ọ̀rá ni wọ́n ti bí i, ọ̀rá ló sì bo gbogbo ara rẹ̀, tí ìrù ọ̀rá náà kọjú síta yí i ká. Ẹ dà á sínú chloroform, ohun olómi tí ọ̀rá ń yòrò nínú rẹ̀, á tú ká dáadáa. Ẹ dà á sínú omi, á ṣù pọ̀, á sì rì.

Ara ènìyàn sì rèé, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, itọ́, ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, omi ni gbogbo wọn dúró lé, pẹ̀lú iyọ̀ àti púrótéènì. Nítorí náà, kí a tó lè lo ohun tó ń tàn dáadáa yìí fún ènìyàn, ó ní láti kọ́kọ́ gba omi mọ́ra.

Èèpo kan wà tó ṣáájú pólímà, mi ò sì fẹ́ fò ó. Láàárín 1996 sí 1997, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi zinc sulfide bo cadmium selenide. Èèpo líle yìí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà lágbára sí i, ó sì ń dínà fún cadmium, irin tó lóró, kó má tètè jáde. Síbẹ̀, ọ̀rá ṣì ni ó wà lẹ́yìn èèpo náà, omi kò tíì gbà á.

Ní ọdún 1998, àjọ olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà ròyìn nínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn ti mú quantum dot wọ omi fún iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan fi silica, èròjà inú yanrìn, bò ó. Àwọn kejì, Warren Chan àti Shuming Nie, yọ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, wọ́n fi mercaptoacetic acid rọ́pò rẹ̀: èròjà kékeré tí orí rẹ̀ kan di zinc mú, tí orí kejì sì fẹ́ràn omi. Ìṣísẹ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n irú èròjà kéékèèké bẹ́ẹ̀ kì í di èérún mú pẹ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí pẹpẹ, pàápàá bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò, èérún á ṣù pọ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ náà sì sábà máa ń dín kù gidigidi nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ohun tó wà lára rẹ̀.

Ibí ni pólímà ti wọlé. Dípò kí a bó ọ̀rá tó wà lára èérún náà kúrò, a ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, a ó wá fi okùn gígùn kan wé e, èyí tí apá kan rẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rá, tí apá kejì sì fẹ́ràn omi. Ẹni tó bá ti fi ọṣẹ dúdú fọ àwo epo pupa rí ti rí irú iṣẹ́ yìí: ọṣẹ náà di epo mú lápá kan, ó di omi mú lápá kejì, epo tí kò gbà fún omi á sì bá omi lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọṣẹ jẹ́ èròjà kéékèèké tó lè tú sílẹ̀ nígbàkigbà. Ìrù ọlọ́ràá ogúnlọ́gọ̀ ló wà lára okùn pólímà kan. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ yọ, àwọn yòókù ṣì dì í mú. Ìdí rèé tí ó fi lè wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù láìṣù pọ̀. Bí wọn kò sì ti fọwọ́ kan ojú èérún fúnra rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù.

Ọ̀kan nínú pólímà tí wọ́n ń lò jù ni PMAO. Ìrù ọlọ́ràá gígùn wà lára rẹ̀, òrùka maleic anhydride sì wà láàárín wọn. Wọ́n á po òun àti quantum dot pọ̀ nínú chloroform, wọ́n á rò ó, wọ́n á jẹ́ kí chloroform fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ ni ìrù pólímà ń rá sáàárín ìrù ọ̀rá tó wà lára èérún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi tó ní alkali díẹ̀ sí i. Alkali yìí á ṣí òrùka náà, á sọ ọ́ di carboxyl, èyí tó fẹ́ràn omi tó sì ń jẹ́ kí èérún kan máa ti èkejì sẹ́yìn. Ohun tó wà nínú ìgò náà á wá mọ́ gaara. Bí ẹ bá tan iná UV, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, sí i nínú òkùnkùn, á tàn.

Wọ́n kò tíì ṣe tán o. Pólímà tí wọ́n dà sí i sábà máa ń pọ̀ ju èyí tó di èérún mú lọ, èyí tó ṣẹ́kù á sì ṣù jọ fúnra rẹ̀ láìní quantum dot nínú. Bí wọn kò bá fi ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá tàbí àsẹ́ yọ ọ́ kúrò, òun ni yóò gba gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ so mọ́ èérún. Ìpele yìí ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìwé ìwádìí kọ́kọ́ wò. Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sọ bí òun ṣe fọ ohun tí òun ṣe, kò yẹ kí a tètè gba ohun tó bá sọ nípa ara ènìyàn gbọ́.

Ọdún 2003 ni ọ̀nà pólímà yìí kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ hàn kedere. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà lo polyacrylic acid tí wọ́n so ìrù ọ̀rá mọ́ lára, wọ́n so antibody, púrótéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó, mọ́ ìta rẹ̀, wọ́n sì fi í wá àmì Her2 rí lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú. Ní 2004, ẹgbẹ́ Shuming Nie fún eku tí wọ́n gbin jẹjẹrẹ prostate ti ọkùnrin sí lára ní abẹ́rẹ́ quantum dot tí wọ́n fi pólímà bò, wọ́n sì rí ìmọ́lẹ̀ náà láti ìta ara níbi tí kókó náà wà. Láti ìgbà náà ni ìrètí ti ga.

Kí ló wá dí i lọ́wọ́? Iyọ̀ ni àkọ́kọ́. Omi dírípù tí wọ́n ń fún aláìsàn ní iyọ̀ ìdá 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ti ẹ̀jẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Iyọ̀ yìí máa ń bo agbára tí èérún fi ń ti ara wọn sẹ́yìn, àwọn tí carboxyl nìkan ń gbé dúró á sì fẹ́ ṣù pọ̀. Púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ náà á tún wá lẹ̀ mọ́ wọn, ara á rí wọn bí àjèjì, ẹ̀dọ̀ á sì gbé wọn mì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń so PEG (polyethylene glycol), pólímà mìíràn, mọ́ pólímà náà. PEG máa ń mú omi mọ́ra gan-an, kì í sì jẹ́ kí púrótéènì ráyè lẹ̀. Òun náà wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Pfizer àti ti Moderna. Àmọ́ ara àwọn ènìyàn kan ti mọ PEG, ó sì máa ń bá a jà. Àwọn pólímà tó ní charge rere (positive) náà wà, wọ́n rọrùn láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ya awọ sẹ́ẹ̀lì ju àwọn yòókù lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ títóbi, èyí tó máa ń dùn mí jù nítorí pé kò sí bí a ṣe lè fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́. Ní 2007, John Frangioni, Bawendi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn nínú eku pé kíndìnrín lè tọ èérún jáde bí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó bò ó, kò bá ju nánómítà 5.5 lọ. Pólímà sì máa ń mú kí èérún ju nánómítà 10 lọ, ó tilẹ̀ lè tó 20 tàbí 30 bí PEG bá wà lára rẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ cadmium náà ló tún ń dí cadmium lọ́wọ́ àtijáde. Inú ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú ló ń lọ jókòó sí.

Cadmium kì í ṣe ohun eré. Ní agbègbè Toyama ní Japan, odò Jinzu gbé cadmium láti ibi ìwakùsà lọ sínú oko ìrẹsì, egungun àwọn ìyá àgbà ń ṣẹ́, wọ́n ń ké pé ó ń dùn wọ́n, títí ìjọba ibẹ̀ fi gbà ní 1968 pé cadmium ló fà á. Bó bá ti dé kíndìnrín, ó lè lo ọdún 10 sí 30 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Ní 2004, Austin Derfus, Warren Chan àti Sangeeta Bhatia fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ tàbí iná UV bá ti ba ojú cadmium selenide jẹ́, cadmium á jò jáde, á sì pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Èèpo tó dára dín in kù, àmọ́ kò mú un kúrò pátápátá. Ní 2012, wọ́n fún ọ̀bọ ní abẹ́rẹ́ quantum dot tí wọ́n fi ọ̀rá bò dáadáa. Lẹ́yìn ọjọ́ 90, ara àwọn ọ̀bọ náà le, kò sí àìsàn tó hàn. Síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú cadmium náà ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀, ọlọ inú àti kíndìnrín wọn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbà nígbà tí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé quantum dot òun bá ara ènìyàn mu, tí ẹ̀rí rẹ̀ kò ju pé sẹ́ẹ̀lì inú àwo ṣì wà láàyè lẹ́yìn wákàtí 24. Wákàtí 24 kò sọ ohun kan fún wa nípa èròjà tó lè gbé inú ara fún ogún ọdún. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí quantum dot cadmium kankan tí àwọn aláṣẹ oògùn fọwọ́ sí fún abẹ́rẹ́ sínú ara ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ike oògùn wá bá yín ní Ọjà Ọba tó sọ pé quantum dot tí yóò wo jẹjẹrẹ sàn wà nínú rẹ̀, ẹ má rà á.

Ṣé kò wá sí ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni? Ó wà, ó sì sún mọ́lé. Kò di dandan kí èérún yìí wọ inú ara kó tó ran aláìsàn lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Edo àti Bauchi ni ibà Lassa sábà máa ń pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sì ti bá ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ da nǹkan pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, Lassa dà bí ibà lásán. Aláìsàn á ti lo oògùn ibà, á ti lo ti taifọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni tó rántí eku tó ń tan Lassa. Àyẹ̀wò PCR tó dájú, èyí tó ń wá àbùdá kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ń béèrè fún ẹ̀rọ, iná mànàmáná àti ẹni tó mọṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò kúrò ní abúlé kó tó dé ibẹ̀.

Páálí àyẹ̀wò pẹlẹbẹ, irú èyí tí kẹ́mísìtì ń tà fún àyẹ̀wò oyún, ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń fi quantum dot ṣe báyìí. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, góòlù kéékèèké ló ń mú ilà pupa jáde. Bí wọ́n bá fi quantum dot rọ́pò góòlù náà, tí wọ́n sì tan iná UV kékeré sí i, ilà tí ojú ìbá má rí lè hàn, ìyẹn ni pé àrùn lè hàn nígbà tí kò tíì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ nínú ilé ìwádìí fún oríṣiríṣi àrùn. Ẹ̀jẹ̀ á kúrò lára aláìsàn wá bá cadmium lórí páálí. Cadmium kò ní wọ ara ẹnikẹ́ni.

Pólímà ṣì ni yóò pinnu bóyá páálí náà yóò ṣe é gbára lé. Bí ìbora náà kò bá dára, èérún á lẹ̀ mọ́ páálí fúnra rẹ̀, ilà á yọ láìsí àrùn. Ní Ọ̀wọ̀, irú ilà èké bẹ́ẹ̀ lè mú kí wọ́n ti aláìlárùn mọ́ ibi tí àwọn aláìsàn Lassa wà. Bí pólímà bá sì jẹ́ èyí tí kò lè fara da ooru, páálí tó wà nínú àpótí ní ilé ìlera tí kò ní fíríìjì á ti bàjẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a máa bi ẹni tó bá fẹ́ tà á fún ìjọba wa nìyẹn: báwo ló ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nínú ooru Àkúrẹ́?

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Chitosan, pólímà tí wọ́n ti lò láti fi bo quantum dot ní ọ̀pọ̀ ìwádìí, inú karawun edé àti akàn ló ti ń jáde. Karawun náà ni wọ́n ń fi acid fọ, tí wọ́n á sì sè nínú alkali tó lágbára títí yóò fi yí padà. Ní ọjà Ìgbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, karawun kò wọ́n. Ó ní àléébù tirẹ̀: inú omi tó ní acid díẹ̀ nìkan ló ń yòrò, charge rere ló sì ní, ohun tí mo ti sọ nípa awọ sẹ́ẹ̀lì lókè sì kàn án. Lórí páálí àyẹ̀wò, èyí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó lè yọ cadmium kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá. Carbon dot, èérún carbon tó ń tàn, tí wọ́n ṣèèṣì rí ní Amẹ́ríkà ní 2004 nígbà tí wọ́n ń fọ èédú carbon nanotube, ṣeé ṣe láti ara ohun ọ̀gbìn. Omi ọsàn tí wọ́n gbé kaná nínú ìkòkò tó dé pa ti tó fún àwọn kan. Ó máa ń wọ omi láìsí wàhálà. Ìpínlẹ̀ tó wà níwájú nínú kòkó ní Nàìjíríà kò lè sọ pé èèpo kòkó wọ́n òun, àwọn olùwádìí yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti fi omi èèpo kòkó ṣe èérún fàdákà. Àmọ́ carbon dot sábà máa ń tan búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Pupa tó mọ́lẹ̀ dáadáa ṣòro láti rí lára rẹ̀, pupa yẹn sì ni ó ń la ẹran ara kọjá jù. Indium phosphide, tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n tí kò ní cadmium, wà láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá gbígbóná ni wọ́n ti sábà ń ṣe òun náà, nítorí náà pólímà ṣì gbọ́dọ̀ bò ó.

Ohun tí yóò gba owó jù ní yunifásítì FUTA, ní UNIMED tó wà ní Oǹdó, tàbí níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ṣe é, ni ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí a ti ṣe. Èérún tí a kò lè wọn títóbi rẹ̀ nínú omi oníyọ̀, tí a kò lè wò lábẹ́ maikirosíkóòpù elekítíróònì, kò sí bí a ó ṣe mọ̀ bóyá pólímà bò ó tàbí kò bò ó. Ọ̀pọ̀ olùwádìí wa ló ń fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí òkèèrè fún èyí, tí wọ́n ń san owó dọ́là láti inú owó oṣù.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ló kù. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí cadmium ju ìdá 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú èròjà ẹ̀rọ iná mànàmáná. Lọ́dọ̀ wa, páálí àyẹ̀wò tí a ti lò máa ń bá ìdọ̀tí ilé ìwòsàn lọ sínú iná tàbí sí ààtàn, bí òjò bá sì rọ̀, odò bíi Àlà ló ń gba ohun tó bá ṣàn níbẹ̀. Páálí kan kò ní ju bíńtín cadmium lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́dọọdún kì í ṣe bíńtín mọ́. Kí Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó ra irú páálí bẹ́ẹ̀ fún ilé ìlera kankan, ó yẹ kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó tà á ni yóò padà wá kó èyí tí a ti lò.